Èsì: Ṣé ẹ̀dà mi kan gba afárá Carter?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè. Rárá o, físíìsì kùáńtọ́ọ̀mù, ìmọ̀ nípa ìṣesí àwọn nǹkan tíntìntín bíi wóró ìmọ́lẹ̀, kò tíì fi hàn pé, nígbà tí ẹ gba afárá Third Mainland láti Yaba lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ̀dà yín kan gba afárá Carter ní àgbáyé mìíràn. Ìtumọ̀ kan tí Hugh Everett, onímọ̀ físíìsì ọmọ Amẹ́ríkà, fún ìmọ̀ yìí ní ọdún 1957 ló ṣí ilẹ̀kùn irú èrò bẹ́ẹ̀.

Ìtumọ̀ yẹn dúró bí ìṣirò tí onímọ̀ físíìsì Schrödinger gbé jáde ní ọdún 1926, tó ń sọ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń yí padà, bá ń ṣiṣẹ́ lórí ohun gbogbo láìdáwọ́ dúró, títí kan ẹ̀rọ tí a fi ń wọn nǹkan àti ẹni tó ń wò ó. Bí wóró ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo bá kọlu dígí tó ń dá ìdajì ìmọ́lẹ̀ padà, tó sì ń jẹ́ kí ìdajì kọjá, ìṣirò náà sọ pé ó gba ọ̀nà méjèèjì pọ̀, síbẹ̀ bí a bá gbé ẹ̀rọ tó ń dún sí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ kan ṣoṣo la máa ń rí tó dún. Everett ní méjèèjì ló dún, àti pé àwa tí à ń wò ó náà la pín sí méjì, tí apá kan kò sì lè gbúròó èkejì mọ́.

Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ fídíò ń sọ pé ìpinnu èèyàn ló ń pín àgbáyé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ kí wóró ìmọ́lẹ̀ yẹn bá yín yan afárá, nígbà náà, lójú Everett, ẹnì kan nínú yín á wà lórí Carter.

Ìdánwò kankan kò tíì já èrò yìí tàbí ti Niels Bohr, onímọ̀ físíìsì tó gbà pé èsì kan ṣoṣo ló ń wáyé, nírọ́, nítorí èsì kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ tẹ́lẹ̀.