Òwìwí tó ti lọ, olú tó ṣì ń hù: kí ni orúkọ wọn ń sọ?

Ẹ bi mí pé: whēkau, òwìwí ilẹ̀ New Zealand tó ti run, àti werewere-kōkako, olú aláwọ̀ aró tó ṣì ń hù níbẹ̀, kí ni orúkọ wọn ń sọ, kí ló sì pa wọ́n pọ̀?

Àwọn Māori, ọmọ onílẹ̀ New Zealand, ló sọ méjèèjì lórúkọ. Ti olú yẹn ló wù mí jù. Kōkako jẹ́ ẹyẹ aláwọ̀ eérú kan tí awọ rírọ̀ méjì so rọ̀ lábẹ́ àgógó rẹ̀ bíi ti àkùkọ, àmọ́ àwọ̀ aró ni tirẹ̀. Àwọn Tūhoe, ẹ̀yà Māori kan, ní ṣe ni ẹyẹ náà fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ra olú yìí lára, tí aró fi mọ́ ọn lára. Ẹni tó bá rí olú náà kò ní jiyàn. Kékeré ni, orí rẹ̀ kì í sábà fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, ó sì ṣe ṣónṣó. Látòkè délẹ̀ ló dà bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró. Abẹ́ rẹ̀ nìkan ló máa ń pọ́n rúsúrúsú díẹ̀. Ẹ má torí ẹwà rẹ̀ kó o sọ́bẹ̀ o. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó ṣeé jẹ.

Ní ti whēkau, ohùn rẹ̀ ló gbà á lórúkọ lẹ́nu òyìnbó: òwìwí arẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní téèyàn bá ń tẹ àkọ́díọ̀nù, ó máa ń fò wá gbọ́. Ẹyẹ tí àwa ń gbọ́ igbe rẹ̀ tí àyà wa ń já, orin ló ń wá kiri lọ́hùn-ún! Inú pàlàpálá àpáta ló ń yé sí, ó sì máa ń ṣọdẹ nílẹ̀. Ìyẹn ló kó bá a. Nígbà tí ehoro tí òyìnbó kó wá bo ilẹ̀ náà, wọ́n tún kó ferret àti stoat, ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wọ ihò pẹran, wá lẹ́yìn 1880 kí wọ́n lè pa ehoro. Ṣé ehoro nìkan ni wọ́n máa pa? Ọdún 1914 ni wọ́n rí òkú èyí tó dájú kẹ́yìn, ní Bluecliffs ní Canterbury.

Ibi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti pàdé nìyí. Stoat yẹn kan náà, pẹ̀lú èkúté, ló ń jẹ ẹyin àti ọmọ kōkako títí dòní, bí wọ́n tilẹ̀ ń dẹ pàkúté fún wọn. Bí ẹyẹ yẹn bá lọ, òjò á ṣì máa rọ̀, olú á ṣì máa hù lórí ewé jíjẹrà, ṣùgbọ́n ẹyẹ tí orúkọ olú náà ń pè ò ní dáhùn mọ́. Lẹ́yìn owó bébà 50 dọ́là wọn, kōkako àti olú rẹ̀ wà níbẹ̀ pa pọ̀. Whēkau kò sí lórí ìkankan.