“Bí a ti ń ṣe nílé wa”: ṣé òwe yìí ní kò sí àṣà tó burú ni?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Òkè-Ìlewó, nílùú Abẹ́òkúta, ló béèrè: bí òwe bá ní “Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni,” ta ló wá lẹ́nu láti sọ pé àṣà kan burú, tàbí pé ó dáa bí a ṣe pa á tì? Ṣé kì í ṣe pé ayé kàn yí ni?

Àbúrò, èèwọ̀ ni òwe yẹn dárúkọ, kò dárúkọ ìkà. Wọn kì í jẹ òkété nílé baba ìyàwó mi. Nílé tiwa, òun la fi ń ṣe àlejò tó níyì. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Bẹ́ẹ̀ náà ni aró Ìtọ́kú, ọjà àdìrẹ Abẹ́òkúta níbí. Màmá mi àgbà a máa gún elú, wọn a sẹ́ omi eérú, ọwọ́ wọn a dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Aró òyìnbó ni ọ̀pọ̀ aládìrẹ ń pò lónìí. Ó yàtọ̀ ni, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. (Aró elú ń rùn, kí n má purọ́.)

Ẹrú níní ńkọ́? Ogun ló lé àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ ní 1830. Wọ́n mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n kó èèyàn lẹ́rú, síbẹ̀ àwọn náà ní ẹrú, wọ́n sì tà wọ́n. Ẹfúnróyè Tinúbú tó jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864, tí a ṣì ń yìn dòní, òwò ẹrú wà nínú ohun tó sọ ọ́ di olówó. Wọ́n á ní bí wọ́n ti ń ṣe nígbà náà nìyẹn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ará àtijọ́ yẹn náà ló pa á lówe pé: “Ẹrú kú, ìyá ò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀.” Òyìnbó kọ́ ló kọ́ wọn. Wọ́n mọ̀, èrè ni kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀.

Wo ìyá Àjàyí Crowther, ọmọ tó padà di bíṣọ́ọ̀bù. Ní 1821 ni wọ́n kó ọmọ náà lẹ́rú ní Òṣogùn. Abẹ́òkúta níbí ni wọ́n ti tún fojú kan ara wọn ní 1846. Crowther kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara ìyá òun ń gbọ̀n, pé àwọn di ara àwọn mú, àwọn ò lè fọhùn, omijé ń dà.

Nínú òwe tí o mú wá, “a” yẹn ni kí o wò dáadáa. Ẹrú ń gbé ilé náà, ó ń fọ́ igi, ó ń pọnmi, ṣùgbọ́n kò sí nínú “a” tó ń ṣe é. Ìgbà tí a bá kà á mọ́ ọn, àṣà náà ò lè dúró mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní pípa ẹrú níní tì tọ́, kì í ṣe pé ó kàn yàtọ̀. Ti orúkọ àbísọ àti ìlù tí àwọn oníwàásù kan ní ká jù nù, n ò rí ẹni tí orúkọ tàbí ìlù ń pa lára nílé, n ò sì bá àwọn oníwàásù náà dá jíjù wọ́n nù láre.