Fìrígò tó ń gbé èèyàn: ẹ má jẹ́ kí wọ́n so terre mọ́ neutre

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ilé àtijọ́ ni à ń gbé ní àdúgbò Accron, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí. Bí òjò bá ti rọ̀, tí ọmọ bá fi ẹsẹ̀ lásán dúró, tó fọwọ́ kan fìrígò, iná á gbé e díẹ̀. Oníṣẹ́ iná kan wá, ó ní prise wa (ojú iná tí à ń ki okùn fìrígò bọ̀) kò ní terre, okùn tó ń gbé iná tó bá jò wọ inú ilẹ̀. Ó fi okùn kékeré kan so ojú terre pọ̀ mọ́ neutre, okùn tó ń gbé iná padà, nínú prise náà. Láti ọjọ́ yẹn, kò gbé wa mọ́. Ó wá ní ká ra régulateur sí i kí iṣẹ́ náà lè pé. Irú èwo ni ká rà?

Ìdáhùn: Ìyá mi, ẹ má tíì ra régulateur kankan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí iná tó ń lọ sókè sódò má ba mọ́tò fìrígò jẹ́. Kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú iná tó ń gbé èèyàn. Okùn kékeré tí inú yín dùn sí yẹn ló bà mí lẹ́rù. Ẹ lọ pa disjoncteur (ẹ̀rọ tó ń gé iná ilé), ẹ yọ fìrígò náà kúrò nínú prise, kí ẹ tó padà wá ka ìyókù. Láti Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ náà ni wọ́n ti ń bi mí nípa okùn yìí, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń gbowó lórí rẹ̀.

Phase ló ń gbé iná wọlé, neutre ló ń gbé e padà. Okùn kẹta, èyí tí àwọ̀ ewé àti yẹ́lò wà lára rẹ̀, ni terre. Òun kì í ṣe iṣẹ́ kankan lójoojúmọ́. Inú ilẹ̀ ló ń lọ, sára irin tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Bí ara okùn kan bá bó nínú fìrígò, tàbí tí omi wọ ìdí mọ́tò, iná á jò sára páànù rẹ̀. Bí terre bá wà, iná náà á gba ibẹ̀ wọlẹ̀. Bí kò bá sí, yóò dúró de ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn òjò lọmọ yín ń rí i.

Kí ló wá dé tí kò gbé yín mọ́? Iná tó ń jò ti rí ọ̀nà gba neutre padà, ẹ ò sì mọ̀ ọ́n lára. Ó ṣì ń jò. Ohun tó yí padà ni pé ara fìrígò yín àti neutre ilé ti di ọ̀kan. Ẹ sì mọ bí okùn ilé àtijọ́ ṣe rí: wọ́n lọ́ ọ pọ̀ níbi púpọ̀, téèpù orí rẹ̀ ti gbẹ, ògiri amọ̀ sì ń mu omi. Bí neutre bá já níbì kan láàárín prise yẹn àti compteur (mítà iná), iná tó wọ inú mọ́tò tàbí gílóòbù kò rí ọ̀nà padà mọ́. Okùn kékeré yẹn ni yóò gbà bọ́ sára fìrígò, nǹkan bí 230 volt.

Ní àkókò yẹn gan-an, fìrígò á dákẹ́, gílóòbù á kú. Gbogbo ilé á ní wọ́n ti mú iná lọ. Ẹnì kan á lọ ṣí fìrígò wò. Ìyá mi, bí ikú ṣe ń wọlé nìyẹn, nídìí ohun tí èèyàn rò pé kò sí iná nínú rẹ̀.

Kódà kí neutre má já rárá. Nínú ilé àtijọ́, okùn méjèèjì lè jẹ́ àwọ̀ kan náà. Bí oníṣẹ́ mìíràn bá wá tún nǹkan ṣe lọ́la, tó ṣi phase mú fún neutre, phase gan-an ló máa wà lára fìrígò yín láti ìṣẹ́jú tó bá tan iná padà.

Ẹ lè ní disjoncteur máa já, kó gé iná náà. Kò ní já. Disjoncteur 16 ampère ń dáàbò bo okùn kó má gbiná. 30 milliampère, tí kò tó ìdá kan nínú 500 rẹ̀, ti lè ba lílù ọkàn èèyàn jẹ́. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ èèyàn ni différentiel 30 milliampère: ó ń wò bóyá gbogbo iná tó jáde lọ ló padà wá, bí ó bá dín, á gé e. Òun ni kí ẹ fi owó régulateur rà. Kódà nínú ilé tí kò ní terre, ó ń ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó fọwọ́ kàn án á kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára kó tó gé. Kí ẹ máa tẹ bọ́tìnì T rẹ̀ lóṣooṣù. Bí kò bá já, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, terre gidi. Ní Àjàṣẹ́, ilẹ̀ itòsí ọ̀sà tutù, irin bàbà mítà 2 sábà máa ń tó. Ẹ̀yin ará Kétu, ilẹ̀ pupa yín ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ lè nílò irin méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, níbi tí àpáta ti sún mọ́ ojú ilẹ̀, irin kì í wọlẹ̀. Kòtò gígùn ni kí wọ́n gbẹ́, kí wọ́n tẹ́ okùn bàbà tí kò ní rọ́bà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń wọn terre, kì í ṣe ojú. Èmi kì í gba ohun tó bá ju 100 ohm (ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe ń dí iná lọ́nà) lọ, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ni mo fẹ́ràn láti wọ̀n ọ́n, torí òjò máa ń bo àléébù ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Páìpù omi kì í ṣe terre. Rọ́bà ló pọ̀ jù nínú wọn báyìí.

Fìrígò náà fúnra rẹ̀ nílò àtúnṣe. Bí òun nìkan bá ń gbé èèyàn, inú rẹ̀ ni ìjò wà. Bí bouilloire (ìkòkò iná tó ń se omi) àti fer (áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ) náà bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, okùn ilé ni kí ẹ fura sí. N kò rí ilé yín o, nítorí náà ẹ má fi ìdáhùn yìí tú prise fúnra yín. Ẹ pe ẹni tó ní ẹ̀rọ ìwọ̀n lọ́wọ́, kó yọ okùn kékeré yẹn kúrò níṣojú yín. Títí yóò fi dé, fìrígò náà kò gbọdọ̀ padà sínú prise, bí ẹja inú rẹ̀ bá tilẹ̀ máa bàjẹ́.