Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé: Kí ni a ó jẹ, kí ni a ó sì rà bọ̀ láti Gánà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ìyàwó mi ń múra àtilọ sí Gánà nígbà ìsinmi tó ń bọ̀. A ó dé Accra, a ó sì dé Kumasi. Inú ìyàwó mi tètè máa ń dàrú bó bá jẹ oúnjẹ tí kò mọ́ ọn lára, àmọ́ n kò fẹ́ kí a máa wá iyán kiri ní ìlú onílùú. Kí ni a lè jẹ tí kò ní dà á láàmú, kí ni a sì lè rà bọ̀ wálé tí kò sí lọ́jà wa níhìn-ín? — Olùkọ́ kan, Lágere, Ilé-Ifẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò, ẹ̀yin Olùkọ́. Kenkey ni kí ìyàwó yín fi bẹ̀rẹ̀. Àgbàdo lílọ̀ tí ó ti kan ni wọ́n fi ń ṣe é; wọn a ro apá kan rẹ̀ lórí iná, wọn a pò ó mọ́ èyí tó ṣì tútù, wọn a dì í, wọn a sì sè é títí yóò fi le dáadáa. Háhá àgbàdo ni àwọn Gà tó ni Accra fi ń di tiwọn, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì ni ti àwọn Fante. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀kọ kò ní bá a jà, pàápàá bí ẹja díndín àti shito bá wà níbẹ̀, ìyẹn ata dúdú tí wọ́n fi edé àti ẹja gbígbẹ dín nínú òróró. Waakye náà dára: ìrẹsì àti ẹ̀wà ni wọ́n ń sè pọ̀, ewé ọkà bàbà gbígbẹ ló sì ń sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú. Àárọ̀ ni ó dùn jù, lọ́dọ̀ ẹni tí èrò tò sí iwájú rẹ̀, tí ìkòkò rẹ̀ sì ṣì ń rú èéfín.

Omi àti yìnyín ni kí ẹ bẹ̀rù ju ata lọ. Sobolo, tí kò yàtọ̀ sí sóbò tiwa, ẹ mu ún láìsí yìnyín. Ní ti akpeteshie, ògógóró wọn, ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ sì gbé ife náà kalẹ̀.

Ní ti ohun tí ẹ ó rà, ìlẹ̀kẹ̀ ni mo fọwọ́ sí fún ará Ifẹ̀. Ní Odumase, ní ilẹ̀ àwọn Krobo, ìgò fífọ́ ni wọ́n ń gún kúnná, wọn a da lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sínú àwo amọ̀ olójú kéékèèké, àwọ̀ kan lé èkejì, wọn a sì ki pòòpó ewé pákí bọ àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú iná ààrò, pòòpó náà a jó tán, a sì fi ihò tí okùn yóò gbà kọjá sílẹ̀. Ìlú tí wọ́n ti ń yọ́ dígí fún ìlẹ̀kẹ̀ ní Igbó Olókun láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni ẹ ti ń bọ̀, nítorí náà ẹ jókòó ti alágbẹ̀dẹ ìlẹ̀kẹ̀ náà, kí ẹ bi í ní ìbéèrè. Ọjọ́rú àti Àbámẹ́ta ni ọjà Agomanya tó wà nítòsí ibẹ̀ máa ń kún.

Kente ńkọ́? Ẹ lọ sí Bonwire, lẹ́bàá Kumasi, kí ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tó hun ún. Ẹ yí aṣọ náà padà: èyí tí wọ́n tẹ̀ ní ẹ̀rọ, àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ṣá, èyí tí wọ́n fọwọ́ hun, ẹ ó rí ojú ibi tí wọ́n ti gán abala kan mọ́ èkejì, bíi ti aṣọ òkè. Odindi aṣọ wọ́n gan-an. Abala kan ṣoṣo tó fún ọrùn. Ẹ sì ṣọ́ra, nítorí ojú tó ti mọ náírà máa ń rí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta sídì, owó Gánà, bí owó kékeré. Ẹ ṣírò rẹ̀ sí náírà kí ẹ tó ná ọjà.

Ẹ má ra ère tí wọ́n bá ní ó ti pẹ́ láyé, nítorí ohun àtijọ́ kò gbọdọ̀ jáde ní Gánà láìsí ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń mójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn. Bí ẹ bá sì ra shito, inú àpótí tí ẹ ó fi lé àwọn òṣìṣẹ́ bàálù lọ́wọ́ ni kí ẹ kó o sí, kí ẹ fi ọ̀rá dì í dáadáa. Wọn yóò gbà á lọ́wọ́ yín bí ẹ bá gbé e sínú báàgì ọwọ́.