Ọmọ mi fẹ́ di adájọ́: ọdún mélòó ni yóò gbà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ di agbẹjọ́rò. Láti ìgbà tó ti rí Kudirat Kékeré-Ẹkùn tó di Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà ló ti ń sọ pé ọ̀nà yẹn lòun náà máa tọ̀. Ṣé dandan ni kó kọ́kọ́ ṣe májísíréètì? Ọdún mélòó ni kó retí? Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wá, ọmọ Ímò ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ẹnìkan sọ fún èmi ìyá rẹ̀ pé ọkọ láti ìpínlẹ̀ mìíràn á dí i lọ́nà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú oríire ọmọ. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti ọdún, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ti máa ń ṣìrò. Kì í ṣe ọjọ́ tó jáde yunifásítì la ti ń kà á, ọjọ́ tó di lọ́yà gan-an ni, tí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Òfin Nàìjíríà ti 1999 ní kó lo ọdún 10 kó tó lè jẹ adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀, ọdún 12 fún kòtẹ́milọ́rùn, ọdún 15 fún ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ.

Ohun tí ìwé wí nìyẹn o. Ẹ wá wo Kékeré-Ẹkùn fúnra rẹ̀. Ó di lọ́yà ní 1981, ó gba oyè kejì ní London ní 1983, ó di májísíréètì l'Ékòó ní 1989. Ọdún 1996 ló tó dé ilé ẹjọ́ gíga: ọdún 15 gbáko, níbi tí òfin ti ní 10. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n gbé ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìdigunjalè lé e lọ́wọ́ n'Íkẹjà, ó sì wà nídìí rẹ̀ títí di 1999. Ẹjọ́ tí ikú lè gbẹ̀yìn rẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn sùn dáadáa. Ó dé kòtẹ́milọ́rùn ní 2004, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 2013. Nígbà tí wọ́n fi búra fún un bí Adájọ́ Àgbà lóṣù Kẹsàn-án 2024, ó ti pé ọdún 43 tó ti di lọ́yà.

Ti májísíréètì, kì í ṣe dandan. Àwọn kan ń ti ọ́fíìsì lọ́yà bọ́ sórí àga adájọ́ tààrà. Àmọ́ mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ọmọ yín, torí ẹni tó bá di adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga kò tún lè padà wá ṣe lọ́yà ní kóòtù kankan ní Nàìjíríà láéláé, bó fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la. Òfin yẹn kò de májísíréètì. Kó fi ibẹ̀ dán ara rẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ ọkọ ló le díẹ̀. Kò sí òfin tó ní kó má fẹ́ ẹni tó wù ú. Ṣùgbọ́n lóṣù Kọkànlá 2012, nígbà tí wọ́n fẹ́ búra fún àwọn adájọ́ tuntun ní kòtẹ́milọ́rùn, wọ́n yọ Ifeoma Jombo-Ofo sẹ́yìn. Ìdí ni pé ọmọ Anambra ni, àmọ́ àyè tó jẹ́ ti Abia, ìpínlẹ̀ ọkọ rẹ̀, ni wọ́n fi í sí. Aloma Mukhtar ló wà nípò Adájọ́ Àgbà nígbà náà, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀. (Èyí ya èmi náà lẹ́nu.) Ariwo ta, àwọn sẹ́nétọ̀ dá sí i, nígbà tó yá wọ́n búra fún un. Nítorí náà, bó bá ṣègbéyàwó, kó pinnu ìpínlẹ̀ tí yóò máa kọ sí fọ́ọ̀mù, kó má sì yí i padà.

Kó má kánjú. Láti 2023, ẹni 70 ọdún ni adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga náà ń fẹ̀yìn tì, 65 ni tẹ́lẹ̀. Kó kàn máa tọ́jú ẹ̀dà ìdájọ́ gbogbo ẹjọ́ tó bá jà láti ìsinsìnyí lọ. Wọ́n á béèrè rẹ̀, ó sì máa ń ṣòroó wá lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.