Ìṣẹ́jú 57, mílíọ̀nù 3 pọ́n-ùn

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Télọ̀ ni mí ní Kubwa, ìdí ẹ̀rọ ni mo ti ń wo tẹ́níìsì lórí fóònù. Ní fáínà obìnrin ní Wimbledon 2025, ìdíje tẹ́níìsì ńlá ti London, ìṣẹ́jú 57 péré ni Iga Swiatek fi na Amanda Anisimova 6-0, 6-0. Lọ́jọ́ kejì, Jannik Sinner lò ju wákàtí mẹ́ta lọ kó tó borí Carlos Alcaraz ní fáínà ọkùnrin. Mílíọ̀nù 3 pọ́n-ùn ni wọ́n fún Swiatek, iye yẹn náà ni wọ́n fún Sinner! Ìyàwó mi ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Èmi ní ìrẹ́jẹ ni. Ẹ bá wa dá sí i.
Bàbá Ìbejì, Kubwa, Abuja

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú o, ẹ̀yìn ìyàwó yín ni mo wà. Ẹ má sì sọ pé torí èmi náà jẹ́ obìnrin ni.

Obìnrin 128 ló ń bẹ̀rẹ̀ ìdíje yẹn. Ẹni tó máa gbé ife gbọ́dọ̀ na èèyàn méje tẹ̀léra láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bíi ti ọkùnrin gẹ́lẹ́. Ní ìpele kejì, Caty McNally gba sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, ìyẹn abala àkọ́kọ́ eré náà, mọ́ Swiatek lọ́wọ́, 7-5. Anisimova tí ẹ rí tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà, òun ló lé Aryna Sabalenka, ẹni àkọ́kọ́ lágbàáyé nígbà náà, lọ sílé ní sẹmi-fáínà. Ẹ̀yin gan-an, ṣé aago lẹ máa ń wò kẹ́ ẹ tó dá owó agbádá lé oníbàárà?

Ọkùnrin gbọ́dọ̀ gba sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta nínú márùn-ún kó tó borí. Èyí tó bá sì fi mẹ́ta gbáko parí tiẹ̀, ta ló ń yọ nínú owó rẹ̀?

Ní ti sẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ń ṣètò ló ní kí obìnrin máa wá méjì nínú mẹ́ta. Láti 1984 títí dé 1998, sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta nínú márùn-ún ni wọ́n ń wá ní fáínà ìdíje tí àwọn obìnrin fi ń kádìí ọdún ní New York. Ní 1996, Steffi Graf àti Martina Hingis gbá márààrún tán pátá: 6-3, 4-6, 6-0, 4-6, 6-0. Ọmọ ọdún 16 ni Hingis nígbà yẹn.

Tẹ́ ẹ bá sì rò pé eré obìnrin fúyẹ́, ẹ yà ní pápá tẹ́níìsì Stadium Moshood Abiola lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn lọ́jọ́ kan. Ẹ máa rí ọmọbìnrin tó ń nu àtẹ́lẹwọ́ mọ́ síkẹ́ẹ̀tì kó tó gbá bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, torí òógùn ń mú rákẹ́ẹ̀tì yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìrẹ́jẹ tẹ́ ẹ ń wí yẹn, ó ti wà rí lóòótọ́. Ní 1968 tí Wimbledon kọ́kọ́ san owó, Rod Laver tó gba ife ọkùnrin gba 2,000 pọ́n-ùn, Billie Jean King tó gba ife obìnrin gba 750. King ò dákẹ́. Ó ní òun ò ní padà wá sí US Open, ìdíje ńlá ti Amẹ́ríkà, tí owó kò bá dọ́gba, ni wọ́n bá mú un dọ́gba ní 1973. Wimbledon fà á títí di 2007, ìgbà tí Venus Williams gba 700,000 pọ́n-ùn, iye tí Roger Federer gbà.

Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n sọ fáínà obìnrin di sẹ́ẹ̀tì márùn-ún, mo wà lẹ́yìn yín gbágbáágbá. Àmọ́ àwọn aṣètò ni kẹ́ ẹ bá fà á, kì í ṣe Swiatek, kì í sì í ṣe Ìyá Ìbejì.