Eré wo ló yẹ kéèyàn máa sá lórí alùpùpù láti Kétu dé Àjàṣẹ́?

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè ẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ ra alùpùpù, pé Mọ́ńdè-Mọ́ńdè lo máa ń gbéra ní Kétu lọ síbi iṣẹ́ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin), pé kọ́ńtà ẹ̀, ìyẹn aago tó ń sọ bí eré ṣe pọ̀ tó, ò ṣiṣẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ sì ń sọ fún ẹ pé ẹni tó bá ń rọra lọ lójú títì ńlá lọkọ̀ ń pa, o wá ní ká sọ iye kìlómítà tó yẹ kó o máa sá. Ẹnì kan ti ní 80, ẹlòmíì ní 60. Èmi ò lè sọ iye kan ṣoṣo fún ẹ, torí 60 yẹn náà lè pa èèyàn níbòmíì. Ohun tí mo fẹ́ kó o máa bi ara ẹ ni pé ibi tójú mi rí dé yìí, ṣé mo lè dúró kí n tó débẹ̀?

Ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti ń gun alùpùpù lọ́nà yẹn, mo ti ṣe zémíjàn, ìyẹn ọ̀kadà tó ń gbé èrò, fọ́dún mẹ́rin nínú ẹ̀. Ọdún kẹfà ni mo ṣubú. Ìrọ̀lẹ́ ni, ilẹ̀ ti ń ṣú, òjò ti rọ̀ díẹ̀, mo ti kọjá Pọbẹ́, mo ń bọ̀ nílé, bíi 80 ni mo wà torí ọ̀nà dá. Kámíọ̀ kan bàjẹ́ sójú títì, kò taná kankan. O mọ bí wọ́n ṣe máa ń já ewé sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ tó bá bàjẹ́ kí ará ẹ̀yìn lè mọ̀, wọ́n já ewé lóòótọ́, àmọ́ ibi tí wọ́n já a sí ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ọkọ̀ náà. Ewé yẹn ni mo kọ́kọ́ rí, tútù ni, ó ń dán nínú iná mi torí omi òjò wà lára ẹ̀. Mo di bíréèkì iwájú mú pátápátá, àṣé táyà iwájú ti wà lórí ewé. Ńṣe ló yọ̀ bí ìgbà téèyàn tẹ ilá mọ́lẹ̀. Alùpùpù gba ọ̀tọ̀, èmi gba ìdí kámíọ̀ lọ, ojúgun òsì mi kán síbi méjì. Oṣù mẹ́rin ni mo fi jókòó sílé, gàrí tí ìyàwó mi ń tà la fi ń jẹun, eegun tí wọ́n sì kọ́kọ́ tò wọ́, wọ́n tún tò ó lẹ́ẹ̀kejì, ìrora ìgbà kejì yẹn ni mi ò lè gbàgbé.

Ó yẹ kí awakọ̀ yẹn gbé ewé ẹ̀ sẹ́yìn dáadáa, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ká ní 45 ni mo wà, mi ò bá ti dúró kí n tó gun orí ewé.

Nígbà tẹ́sẹ̀ mi sàn, èmi àti àbúrò ìyàwó mi lọ sójú ọ̀nà kan tọ́kọ̀ kì í sábà gbà láàárọ̀ Sọ́ńdè. A fi òkúta kan sẹ́bàá ọ̀nà, mo ní tí mo bá ti dé ibi òkúta màá tẹ bíréèkì méjèèjì, kó wá fẹsẹ̀ ka ibi tí mo bá dúró sí. Mo sá 40, ó ka ìṣísẹ̀ 13. Mo sá 60, ó ka 28. Mo wá sá 80, 50 ló kà. Mo ní kò kà á dáadáa, a tún un ṣe, bákan náà ni. Èmi ti rò pé tí eré bá di ìlọ́po méjì, ibi ìdúró náà á di ìlọ́po méjì, àṣé ìlọ́po mẹ́rin ló ń dì. Mo sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mo fẹ́ dúró o! Ẹni tí nǹkan já lù, ojú á kọ́kọ́ rí i, ọkàn á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á, ọwọ́ á tó lọ síbi bíréèkì, ìyẹn á tó sẹ́kọ́ńdì kan, ẹni tó ń sá 80 sì ti lọ mítà 22 kí sẹ́kọ́ńdì yẹn tó pé.

Nítorí ẹ̀ ni mi ò fi ń kọjá 45 lálẹ́. Iná alùpùpù wa yìí, tó o bá tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kì í sábà mọ́lẹ̀ ju mítà 30 sí 40 lọ. Lọ́sàn-án, tílẹ̀ gbẹ, tí mo rí iwájú dáadáa, tí kò sẹ́nì kankan lẹ́bàá ọ̀nà, mo máa ń sá 60, nígbà míì 65. Tí mo bá wọ abúlé, 30, pàápàá lọ́sàn-án gangan táwọn ọmọ iléèwé tó wọ kakí bá ń jáde, ọmọ kan á dédé já ọwọ́ èkejì ẹ̀ sílẹ̀ á sáré sọdá. Tí ewúrẹ́ bá sọdá, òun kọ́ ni kó o máa wò, ọmọ ẹ̀ tó ṣẹ́ kù lódìkejì ni kó o máa wò.

Òjò àkọ́rọ̀ ni kó o bẹ̀rù jù. Epo ọkọ̀ àti eruku tó ti jókòó sórí títì látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn á pò pọ̀ á máa yọ̀, tó o bá lè dúró sábẹ́ àtíbàbà títí òjò á fi fọ ọ̀nà, jọ̀ọ́ dúró. Lórí ilẹ̀ pupa, kó o tó wọ ibi tí yanrìn pọ̀ sí ni kó o ti dín eré kù, tó o bá ti wà nínú ẹ̀ má fọwọ́ kan bíréèkì iwájú. Tó o bá gbé èèyàn tàbí àpò gàrí sẹ́yìn, ibi tó o máa dúró sí á tún jìn sí i.

Ti ọkọ̀ tó ń ti èèyàn lẹ́yìn, òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun táwọn ọ̀rẹ́ ẹ ń sọ. Ẹni tó bá wà láàárín títì ní 40, tó tún ń dédé rọ̀, ọkọ̀ lè gbá a. Ṣùgbọ́n eré ọkọ̀ kọ́ ni wàá sá. Gba ọwọ́ ọ̀tún, jẹ́ kí eré ẹ dúró sójú kan, jẹ́ kí dígí ẹ méjèèjì wà lára alùpùpù (mi ò mọ ìdí tí wọ́n fi ń yọ ọ́), tí ẹnì kan bá ń fọn fèrè lẹ́yìn ẹ, jẹ́ kó kọjá. Láti Kétu dé Àjàṣẹ́ tó bíi 100 kìlómítà, ẹni tó sá 80 fi bí ìṣẹ́jú 25 ṣáájú ẹni tó sá 60 débẹ̀, tí kò bá sóun tó dá a dúró. Jí ní ìdajì wákàtí ṣáájú.

Kọ́ńtà ẹ yẹn, wáyà ìsàlẹ̀ ẹ̀ ló sábà máa ń já, mẹkáníìkì á pààrọ̀ ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣe é kí Mọ́ńdè tó ń bọ̀ tó dé. Tó o bá sì wà ní Kétu láàárọ̀ Sọ́ńdè, kọ̀wé sí mi, ká jọ lọ síbi òkúta yẹn, wọ kásíkì ẹ (akoto orí) wá, èmi ni màá bá ẹ ka ìṣísẹ̀.